Orí Kẹfà: Ìṣirò Ìṣàn Ẹ̀jẹ̀ Láàárín Ọkàn àti Ẹ̀dọ̀fóró

Ẹ̀jẹ̀ tó ń ti inú ọkàn lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, tó sì ń padà wá sí ọkàn, kì í rìn jìnnà. Ọ̀nà rẹ̀ kúrú, abẹ́ egungun ìhà ló wà, a kò sì lè fọwọ́ kàn án bí a ṣe ń fìka kan iṣan ọrùn ọwọ́ láti mọ bó ṣe ń lù. Ìdí nìyẹn tí ìmọ̀ nípa rẹ̀ fi pẹ́ kó tó dé, ìdí náà sì nìyẹn tí ìṣirò fi rí iṣẹ́ púpọ̀ ṣe níbẹ̀. Ohun tí orí yìí fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé iṣẹ́ àwòṣe oníṣirò ni láti so ohun tí a lè wọ̀n pọ̀ mọ́ ohun tí a kò lè wọ̀n, débi pé ẹni tó bá mọ ọ̀kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ èkejì. Èyí tó rọrùn jù lọ la ó fi bẹ̀rẹ̀, a ó sì gbé àtakò dìde sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí àtakò tó bá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ máa ń tọ́ka sí nọ́ńbà tuntun kan tó yẹ ká lọ wọ̀n. Púpọ̀ nínú ẹ̀rí wa yóò ti agbègbè Berlin àti èbúté Hamburg ní Jámánì wá, nítorí pé àwọn tó ń tún ọ̀nà omi ṣe àti àwọn tó ń tọ́jú ọkàn ti jọ lo òfin kan náà níbẹ̀.

6.1 Ohun tó wọlé gbọ́dọ̀ jáde

Apá ọ̀tún ọkàn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Apá òsì ló ń gbà á lẹ́yìn tó bá ti gba ọ́síjìn, òun ló sì ń tì í lọ sí ìyókù ara. Lára àgbàlagbà tó ń sinmi, nǹkan bíi lítà 5 ni apá kọ̀ọ̀kan ń tì ní ìṣẹ́jú kan. Ǹjẹ́ dandan ni kí àwọn méjèèjì dọ́gba? Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí wọn kò bá dọ́gba. Ká ní ọkàn ń lù ní ìgbà 70 ní ìṣẹ́jú kan, tó sì ń ti mL 70 jáde nígbà kọ̀ọ̀kan. Bí apá ọ̀tún bá fi ìdá 1 péré nínú 100 ju apá òsì lọ, mL 0.7 ni yóò máa ṣẹ́kù sínú ẹ̀dọ̀fóró nígbàkigbà tí ọkàn bá lù. Láàárín ìṣẹ́jú kan ó ti di mL 49; láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó ti di mL 490. Bẹ́ẹ̀, gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó máa ń wà nínú ẹ̀dọ̀fóró lẹ́ẹ̀kan náà kò ju nǹkan bíi mL 450 sí 500 lọ. Ìyàtọ̀ tí kò tó nǹkan yìí ì bá sọ ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀dọ̀fóró di ìlọ́po méjì, omi ì bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò sínú àwọn àpò afẹ́fẹ́. Ìṣirò yìí kò sọ ọ̀nà tí ara ń gbà dènà jàǹbá náà, àmọ́ ó sọ pé ọ̀nà kan gbọ́dọ̀ wà. Iṣẹ́ Otto Frank lórí ọkàn ọ̀pọ̀lọ́ ní 1895 àti ti Ernest Starling ní London ní 1914 ló fi ọ̀nà náà hàn: bí ẹ̀jẹ̀ tó kún inú ọkàn bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ọkàn yóò ṣe fi agbára tì í jáde tó. Bí apá ọ̀tún bá ti púpọ̀ ránṣẹ́, apá òsì yóò kún sí i, yóò sì tì jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Òfin pé ohun tó wọlé gbọ́dọ̀ jáde yìí kan náà ni Adolf Fick fi yanjú ìṣòro mìíràn ní Würzburg ní 1870. Ó fẹ́ mọ iye ẹ̀jẹ̀ tó ń gba inú ẹ̀dọ̀fóró kọjá láìṣí àyà ènìyàn. Èrò rẹ̀ ni pé ọ́síjìn tó kúrò nínú afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ bá ẹ̀jẹ̀ lọ, kò sí ibòmíràn tó lè gbà. Bí V bá jẹ́ ọ́síjìn tí ara gbà ní ìṣẹ́jú kan, tí Ca jẹ́ ọ́síjìn inú lítà ẹ̀jẹ̀ kan tó ń bọ̀ láti ẹ̀dọ̀fóró, tí Cv sì jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ síbẹ̀, iye ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn, Q, ni:

Q = V / (Ca − Cv)

Àgbàlagbà tó ń sinmi ń gba nǹkan bíi mL 250 ọ́síjìn ní ìṣẹ́jú kan. Ca rẹ̀ sún mọ́ mL 200 nínú lítà kan, Cv rẹ̀ sì sún mọ́ mL 150. Pín 250 sí ọ̀nà 50, lítà 5 ni yóò jáde. Ìṣòro kan ṣoṣo ló kù: níbo ni a ti máa rí Cv? Ẹ̀jẹ̀ iṣan apá nìkan kò tó, nítorí pé apá, ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ kì í lo ọ́síjìn bákan náà. Inú apá ọ̀tún ọkàn ni gbogbo rẹ̀ ti ń pò pọ̀. Fún bí ọgọ́ta ọdún, ìdọ́gba Fick wà lórí ìwé, kò sì sẹ́ni tó lè fi í ṣiṣẹ́ lára ènìyàn dáadáa. Ní 1929, dókítà ọ̀dọ́ kan tí wọ́n bí ní Berlin, Werner Forssmann, ti kátítà (ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń tẹ̀) tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 65 gba inú iṣan apá ara rẹ̀ wọlé ní ilé ìwòsàn Eberswalde, ó rìn lọ sí yàrá ẹ́síréè, àwòrán sì fi hàn pé orí kátítà náà ti dé inú ọkàn. Kò pẹ́ tí Otto Klein ní Prague fi lo ọ̀nà náà láti gba ẹ̀jẹ̀ fún ìdọ́gba Fick, André Cournand àti Dickinson Richards ní New York sì sọ ọ́ di iṣẹ́ ojoojúmọ́. Forssmann àti àwọn méjì yìí ló jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1956. Ẹ kíyè sí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tẹ̀ léra: ìdọ́gba ló kọ́kọ́ sọ ohun tó yẹ kí a wọ̀n àti ibi tí a ó ti wọ̀n ọ́n, irinṣẹ́ ló tẹ̀ lé e.

6.2 Ìfúnpá àti ìdènà

A ti mọ iye tó ń ṣàn. Ó ku ohun tó ń mú un ṣàn, inú ọ̀pá omi ni ìdáhùn rẹ̀ sì ti wá. Gotthilf Hagen, tí wọ́n bí ní Königsberg ní 1797, kò kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn. Ẹnjiníà omi ni. Ó bójú tó èbúté Pillau létí òkun Baltic kó tó lọ ṣiṣẹ́ ìjọba ní Berlin. Ní 1839 ó tẹ ìwádìí kan jáde lórí omi tó ń gba inú ọ̀pá idẹ tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá. Ọ̀pá mẹ́ta tí ihò wọn kò dọ́gba ló lò, ó sì rí i pé bí ihò bá ṣe ń kéré, ìfúnpá tí omi nílò láti kọjá ń pọ̀ lọ́nà tó yani lẹ́nu. Láàárín ọdún díẹ̀ kan náà, Jean Poiseuille, oníṣègùn kan ní Paris, dé ibi kan náà pẹ̀lú ọ̀pá gíláàsì tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti Hagen lọ. Ìṣàn ẹ̀jẹ̀ gan-an ni Poiseuille ń lépa, ṣùgbọ́n omi ló fi ṣe ìdánwò rẹ̀ nítorí pé ẹ̀jẹ̀ máa ń dì. Bí L bá jẹ́ gígùn ọ̀pá, tí r jẹ́ ìdajì ìbú ihò rẹ̀, tí η sì jẹ́ bí ohun tó ń ṣàn ṣe ki tó, ìyàtọ̀ ìfúnpá láàárín orí ọ̀pá méjèèjì ni:

ΔP = 8ηLQ / (πr⁴)

Agbára mẹ́rin orí r ni ọkàn ọ̀rọ̀ náà. Bí ihò bá dín sí ìdajì, ìdènà yóò di ìlọ́po 16. Bí ó bá fi ìdá 16 péré nínú 100 dín, ìdènà ti di ìlọ́po méjì. Iṣan tínńtín inú ẹ̀dọ̀fóró pọ̀ ju kí a máa ka ìbú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lọ, nítorí náà a ó kó gbogbo wọn pọ̀ sínú nọ́ńbà kan, R, tí í ṣe ìyàtọ̀ ìfúnpá tí a pín pẹ̀lú Q. Nínú iṣan ńlá tó ń lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, ìfúnpá jẹ́ nǹkan bíi 15 mmHg bí a bá mú ìpíndọ́gba rẹ̀. Nínú yàrá òkè apá òsì ọkàn, nǹkan bíi 8 ni. R ẹ̀dọ̀fóró wá jẹ́ (15 − 8) ÷ 5, èyí tí í ṣe 1.4. Fún ìyókù ara, ìfúnpá ń bọ́ láti nǹkan bíi 93 sí 3, R rẹ̀ sì jẹ́ 18. Ẹ̀jẹ̀ kan náà, iye kan náà, ṣùgbọ́n ìdènà ara fi nǹkan bí ìlọ́po 13 ju ti ẹ̀dọ̀fóró lọ. Èyí ló sọ ìdí tí ògiri apá ọ̀tún ọkàn fi tẹ́ẹ́rẹ́, òun náà ló sì sọ ìdí tó fi tètè ń rẹ apá ọ̀tún bí àìsàn bá mú R ga. Ìlànà tí àwọn oníṣègùn ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ní Yúróòpù gbé jáde ní 2022 ka ìpíndọ́gba ìfúnpá tó bá ju 20 mmHg lọ nínú iṣan ẹ̀dọ̀fóró sí àìsàn. Ṣùgbọ́n ìfúnpá nìkan kò sọ ibi tí ìṣòro ti ṣẹ̀ wá: ó lè ga nítorí pé iṣan ti dín, ó sì lè ga nítorí pé apá òsì ọkàn kò lágbára mọ́, tí ẹ̀jẹ̀ wá ń dá padà sẹ́yìn. R ló ń pààlà sáàárín méjèèjì, ìtọ́jú wọn kò sì rí bákan náà.

6.3 Àtakò àkọ́kọ́: iṣan kì í ṣe idẹ

Ẹni tó bá mọ bí ara ṣe rí yóò sọ pé àwòṣe yìí ti fojú fo ohun méjì. Ọ̀pá Hagen kì í fẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ ń fẹ̀. Omi Hagen ń ṣàn láìdáwọ́ dúró, ọkàn ń tì, ó ń sinmi. Òtítọ́ ni àtakò yìí, ìdáhùn sí i sì wà láti 1899, nígbà tí Otto Frank mú èrò kan láti ara ẹ̀rọ ìfami àwọn panápaná, tí wọ́n ń fi àpò afẹ́fẹ́ sí kí omi má bàa máa tú jáde ní ìdákúrekú. Iṣan ńlá ń fẹ̀ láti gba apá kan ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn tì, ó sì ń dá a padà nígbà tí ọkàn bá ń sinmi. Bí C bá jẹ́ iye mL tí iṣan lè gbà sí i fún mmHg kọ̀ọ̀kan, tí P₀ sì jẹ́ ìfúnpá yàrá òkè apá òsì:

C dP/dt = Q − (P − P₀)/R

Nígbà tí ọkàn bá ń sinmi, Q di òdo, ìfúnpá yóò sì máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní ìwọ̀n àkókò RC. Bí ìfúnpá bá ń lọ láàárín 25 àti 10, C sún mọ́ 70 ÷ 15, èyí tí í ṣe 4.7. Bí a bá yí R láti lítà ní ìṣẹ́jú kan sí mL ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 0.084 ni, RC sì jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 0.4. Ká ní ilẹ̀kùn ọkàn pa dé nígbà tí ìfúnpá wà ní 20. Lẹ́yìn ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, ìṣirò sọ pé yóò ti wà ní nǹkan bíi 11. Ohun tí a máa ń wọ̀n lára ènìyàn sún mọ́ 10. Akẹ́kọ̀ọ́ tó lójú inú yóò sọ pé 10 yẹn ti wà nínú C tẹ́lẹ̀, nítorí náà àwòṣe kàn dá ohun tí a fún un padà fún wa ni. Ó jàre. Ìbámu yìí fi hàn pé àwọn nọ́ńbà náà kò tako ara wọn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rí tó lágbára wá láti ara àwọn aláìsàn: nígbà tí àwọn olùwádìí wọn R àti C lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọ́n rí i pé bí R bá ń ga, C ń wálẹ̀, RC sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà. Kò sẹ́ni tó fi ìyẹn sínú ìdọ́gba. Ohun tó sì tìdí rẹ̀ jáde wúlò púpọ̀: bí RC bá dúró sí 0.4, C ń já wálẹ̀ kíákíá jù lọ nígbà tí R ṣì kéré. Iṣan ẹ̀dọ̀fóró ti ń le kí ìdènà tó ga débi tí ẹnikẹ́ni yóò fi kíyè sí i. Ẹni tó bá ń wo R nìkan yóò rí àìsàn náà nígbà tó ti pẹ́.

6.4 Àtakò kejì: ìlù ọkàn ń rìn bí ìgbì

Àpò Frank ka gbogbo iṣan sí ibì kan ṣoṣo, bí ẹni pé ìfúnpá ń yí padà níbi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ìlù ọkàn ń gba àkókò kó tó dé ìpẹ̀kun iṣan, ohun tó bá sì ń rìn lè kọ lu nǹkan, kó padà. Odò Elbe jẹ́ ká rí èyí kedere. Nígbà tí omi òkun Àríwá bá kún ní Cuxhaven, ìkún náà ń rìn lọ sókè odò fún nǹkan bíi kìlómítà 100 kó tó dé èbúté Hamburg, ó sì ń gbà ju wákàtí mẹ́ta lọ. Ìdọ́gba tí a fi ń ṣírò ìrìn rẹ̀ náà ni a fi ń ṣírò ìlù inú iṣan ẹ̀jẹ̀. Bí A bá jẹ́ fífẹ̀ ojú ihò, tí u jẹ́ eré ìṣàn, tí p jẹ́ ìfúnpá, tí ρ sì jẹ́ ìwúwo ohun tó ń ṣàn:

∂A/∂t + ∂(Au)/∂x = 0
c² = (A/ρ)(dp/dA)

Ìlà kejì sọ eré ìgbì, c. Nínú odò tí ìbú rẹ̀ jẹ́ b, tí jíjìn rẹ̀ jẹ́ h, A jẹ́ bh, p ìsàlẹ̀ sì jẹ́ ρgh, níbi tí g ti dúró fún òòfà ilẹ̀. Bí a bá fi wọ́n sí i, c² di gh. Fún jíjìn mítà 12, c sún mọ́ mítà 10.8 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìrìn kìlómítà 100 yóò sì gba nǹkan bíi wákàtí méjì àtààbọ̀. Odò náà kò jìn bákan náà níbi gbogbo, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń fà á sẹ́yìn, omi tó ń bọ̀ láti òkè sì ń pàdé rẹ̀, nítorí náà ó yẹ kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, ìyàtọ̀ láàárín ìkún àti ìfà omi ní èbúté Hamburg kò ju nǹkan bíi mítà 2 lọ. Lónìí ó ti ju mítà 3 àtààbọ̀ lọ. Gbígbẹ́ odò kó lè jìn fún ọkọ̀ ńlá àti dídí àwọn ibi tí omi máa ń tàn dé ti yí bí ìgbì náà ṣe ń rìn àti bó ṣe ń kọ lu òpin, tó ń padà.

Nínú ẹ̀dọ̀fóró, bí ìlù bá ń sáré ní mítà 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ibi tí iṣan ti dín bá sì wà ní sẹ̀ǹtímítà 20 sí ọkàn, yóò lọ, yóò bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 0.2. Bí iṣan bá le, tí eré di mítà 4, ìṣẹ́jú àáyá 0.1 ti tó. Nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 0.3 ni apá ọ̀tún fi ń ti ẹ̀jẹ̀. Ìgbì tó bá tètè padà yóò bá ọkàn lẹ́nu iṣẹ́, yóò sì di ẹrù kún ẹrù fún un. R kò lè sọ èyí fún wa, C nìkan náà kò lè sọ ọ́.

6.5 Àtakò kẹta: ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe omi

Ẹlòmíràn á tún sọ pé η tí a ń kọ bíi nọ́ńbà kan kì í ṣe ọ̀kan. Ní 1931, Robin Fåhræus àti Torsten Lindqvist fi hàn pé bí ọ̀pá bá tẹ́ẹ́rẹ́ ju nǹkan bíi mílímítà 0.3 lọ, ẹ̀jẹ̀ ń ṣe bí ẹni pé kò ki tó bó ṣe ki nínú ọ̀pá ńlá, nítorí pé àwọn ẹyọ pupa inú rẹ̀ ń kó jọ sí àárín, omi ẹ̀jẹ̀ sì ń yọ̀ ní ẹ̀gbẹ́. Nínú iṣan tó kéré jù lọ, ẹyọ pupa kọ̀ọ̀kan ní láti ká ara rẹ̀ kó tó kọjá. Lára ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS (àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde), ẹyọ náà le, kì í ká dáadáa, ó sì lè dí ọ̀nà. Láàárín irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ ni a ti ń rí ìfúnpá gíga nínú iṣan ẹ̀dọ̀fóró. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn òǹkàwé Nàìjíríà gan-an, nítorí kò sí orílẹ̀-èdè tí ọmọ SS ti ń wáyé tó tiwa. Àmọ́ àtakò náà kò wó ìdọ́gba Fick, torí pé òfin ohun tó wọlé gbọ́dọ̀ jáde kò béèrè bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ki tó. Inú R ló wọ̀. Ó ń sọ fún wa pé R ẹni tó ní SS lè ga láìjẹ́ pé ìbú iṣan rẹ̀ yí padà, ó sì yẹ kí a wọn kíki ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ́tọ̀ kí a tó dá iṣan lẹ́bi.

Ìdúró ara náà ń dá sí i. Láti ìsàlẹ̀ dé òkè ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó dúró jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30, ìwúwo ẹ̀jẹ̀ tó ga tó bẹ́ẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi 23 mmHg. Èyí ju ìpíndọ́gba ìfúnpá 15 tí ọkàn fi ń ti ẹ̀jẹ̀ síbẹ̀ lọ. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dé òkè ẹ̀dọ̀fóró kò tó ti ìsàlẹ̀ rárá, ìdí nìyẹn tí R ẹni tó dùbúlẹ̀ kò fi gbọ́dọ̀ jẹ́ òṣùwọ̀n fún ẹni tó dúró.

6.6 Àtakò ìkẹyìn: ara kò dọ́gba

Àtakò tó wúwo jù lọ ni pé nọ́ńbà gbogbogbò kò wúlò fún aláìsàn kan pàtó. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú àwọn ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú yàrá ìsàlẹ̀ ọkàn kan ṣoṣo tó lágbára. Ní 1971, Francis Fontan àti Eugène Baudet ní Bordeaux kọ̀wé nípa iṣẹ́ abẹ tó so iṣan tó ń bọ̀ láti ara mọ́ ẹ̀dọ̀fóró, láìsí yàrá ìsàlẹ̀ ọkàn tó ń tì í. Kí ló wá ń gbé ẹ̀jẹ̀ kọjá? Ìfúnpá inú iṣan ara nìkan ni. Ká ní ọmọ kan nílò lítà 3.5 ní ìṣẹ́jú kan, tí R rẹ̀ jẹ́ 2, tí P₀ sì jẹ́ 7: iṣan ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní 14 mmHg, èyí tí ara lè fara dà. Bí R bá jẹ́ 5, ó di 24.5, omi yóò sì máa jò sínú ikùn àti ẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí oníṣègùn fi gbọ́dọ̀ wọn R ọmọ náà fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó gbé ọ̀bẹ. Ní 1988, Marc de Leval àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní London fi ìdánwò ìṣàn omi hàn pé ọ̀nà tó tọ́ tààrà kì í fi agbára ṣòfò bí èyí tó ń gba inú yàrá òkè ọkàn, iṣẹ́ abẹ náà sì yí padà. Ní ilé ìwòsàn Charité ní Berlin lónìí, àwọn olùwádìí ń fi àwòrán MRI aláìsàn kọ̀ọ̀kan ya iṣan rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n sì ń ṣírò bí ẹ̀jẹ̀ yóò ṣe ṣàn níbẹ̀. Àwòṣe wọn gùn ju ti Hagen lọ, ṣùgbọ́n òfin tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kò yí padà.

A lè wá sọ ohun tí àwọn àtakò yìí jọ fi hàn. Kò sí èyí tó wó àwòṣe àkọ́kọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sọ ibi tí ó parí sí, tó sì dárúkọ ohun tí a ó fi kún un: C, c, η, gíga ẹ̀dọ̀fóró, àwòrán iṣan ẹni kan. Ẹni tó bá fẹ́ kí àwòṣe ní gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ yóò ní nọ́ńbà púpọ̀ tí kò lè wọ̀n, kò sì ní mọ èyí tó fa àṣìṣe nígbà tí ìdáhùn bá kùnà. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí Q, P àti R yóò máa mọ ìdí tó fi ń fi èyí tó kàn kún un, aláìsàn yóò sì jàǹfààní níbẹ̀.

Ìdánrawò

1. Obìnrin kan ń gba mL 240 ọ́síjìn ní ìṣẹ́jú kan. Ca rẹ̀ jẹ́ mL 190 nínú lítà kan, Cv sì jẹ́ 130. Ṣírò Q.

2. Ìpíndọ́gba ìfúnpá nínú iṣan ẹ̀dọ̀fóró obìnrin náà jẹ́ 40 mmHg, ti yàrá òkè apá òsì sì jẹ́ 10. Ṣírò R, kí o sì fi wé 1.4. Báwo ni èsì rẹ yóò ti yí padà bí yàrá òkè apá òsì bá wà ní 32? Sọ ohun tí ìyàtọ̀ náà túmọ̀ sí fún ìtọ́jú rẹ̀.

3. Iṣan tínńtín inú ẹ̀dọ̀fóró ń gba nǹkan bíi mL 75 ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Fi Q lítà 5 ṣírò iye àkókò tí ẹ̀jẹ̀ ń lò níbẹ̀. Bí ọ́síjìn bá nílò nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 0.25 láti kún ẹ̀jẹ̀, báwo ni Q ṣe lè pọ̀ tó kí àkókò tó di kékeré jù, bí mL 75 kò bá yí padà? Ara ẹni tó ń sáré máa ń ṣí àwọn iṣan mìíràn sílẹ̀: ṣàlàyé ohun tí ìyẹn ṣe sí ìdáhùn rẹ.

4. Fi hàn pé bí RC bá dúró sí 0.4, ìdínkù C nígbà tí R lọ láti 0.08 sí 0.16 pọ̀ ju ìgbà tó lọ láti 0.40 sí 0.48 lọ.

5. Ẹnì kan sọ pé nítorí pé iṣan ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ọ̀pá idẹ, kí a pa ìdọ́gba Hagen àti Poiseuille tì. Kọ èsì tó gba àtakò náà gbọ́, tó sì sọ nǹkan tí ìdọ́gba náà ṣì ń ṣe fún wa àti ibi tí kò lè dé.